Owó orí èéfín: nínú igbá mẹ́rin, èwo ni kí ará Èkìtì nawọ́ sí?

Ìyá tó ń bá wa lọ ata nítòsí Ọjà Ọba, l'Adó-Èkìtì, pa ẹ̀rọ rẹ̀ kó lè gbọ́ mi yékéyéké. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún un pé àwọn kan fẹ́ kí ìjọba máa gba owó orí lórí èéfín epo, kí wọ́n sì pín owó náà padà fún gbogbo ọmọ ìlú ní dọ́gbadọ́gba. Ó wò mí láti òkè délẹ̀.

"Ọmọ mi, ẹ óò gbà á lọ́wọ́ mi, ẹ óò tún dá a padà fún mi. Kí lẹ wá ṣe?"

Ìbéèrè gidi ni. Mo ti bá àwọn ọ̀mọ̀wé jókòó lórí ọ̀rọ̀ yìí tí wọn ò ronú débẹ̀ (ẹ sì mọ̀ pé ọ̀mọ̀wé ò wọ́n wa l'Ékìtì). N kò rí àyè dá ìyá lóhùn tán lọ́jọ́ náà, torí àwọn oníbàárà ti tò sẹ́yìn mi pẹ̀lú abọ́ ata lọ́wọ́. Ìdáhùn náà ni mo kọ síbí, mo sì fi igbá mẹ́rin tí owó náà lè bọ́ sí wé ara wọn, kí ẹni tó bá fẹ́ yàn lè fojú ara rẹ̀ rí i.

Ohun tí wọ́n fẹ́ gba owó lé lórí

Èéfín tí mò ń sọ kì í ṣe èyí dúdú tó ń mú ojú ṣomi lẹ́yìn ọkọ̀ akẹ́rù. Kábọ́ọ̀nù dáyọ́sáìdì ni, tí a máa ń gé kúrú sí kábọ́ọ̀nù, afẹ́fẹ́ tí ojú ò rí, tí imú ò gbóòórùn rẹ̀, tó ń kóra jọ sókè, tó sì ń mú ayé gbóná bí ẹni tó da aṣọ òtútù bora lọ́sàn-án gangan. Lítà epo bẹntiróò kan tó bá jó tán ń tú nǹkan bíi kílò 2.3 rẹ̀ sáfẹ́fẹ́. Lítà dísẹ́ẹ̀lì kan ń tú bíi 2.7. Ẹni tó bá ní irọ́ ni, torí pé lítà epo fúnra rẹ̀ ò wọ̀n tó kílò kan, kó rántí pé ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ ló bá a so pọ̀ tó fi wúwo sí i.

Bí òfin bá wá fi ₦10,000 lé tọ́ọ̀nù kan, ìyẹn kílò 1,000 (àpẹẹrẹ tèmi ni o), ₦23 ló máa gun orí lítà bẹntiróò, ₦27 sì máa gun orí dísẹ́ẹ̀lì. Agbowó-orí ò ní wá jókòó ti ẹ̀rọ ata. Ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ti máa ń gbà á: nílé ìfọpo, ní èbúté tí epo ti ń wọlé, lọ́dọ̀ àwọn tó ń wa epo tí wọ́n sì ń dáná sun gáàsì dànù ní Niger Delta. Láti ibẹ̀ ni yóò ti máa yọ́ wọ inú iye tí à ń ra nǹkan.

N kò ní purọ́ pé Èkìtì ló máa gba ayé là. Tí a bá pín kábọ́ọ̀nù Nàìjíríà sórí gbogbo wa, bí ìdajì tọ́ọ̀nù ló máa kan ẹnì kan lọ́dún; ti ará Amẹ́ríkà ju tọ́ọ̀nù 13 lọ. Ohun tó mú ọ̀rọ̀ náà kàn wá ni pé ó ti wọ inú òfin. Òfin Ìyípadà Ojú Ọjọ́ ti 2021 ní kí ìgbìmọ̀ tó ń rí sí i bá àwọn agbowó-orí ìjọba àpapọ̀ ṣètò owó orí kábọ́ọ̀nù. Òfin owó orí tuntun tí Ààrẹ bu ọwọ́ lù ní oṣù kẹfà 2025 sì fi ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún lé epo bíi bẹntiróò àti dísẹ́ẹ̀lì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò ní bẹ̀rẹ̀ àfi tí Mínísítà fún Ètò Ìṣúná bá gbé àṣẹ jáde. Gbígbà wà nínú ìwé. Igbá tí owó náà máa bọ́ sí ni a ṣì lè bá wọn sọ̀rọ̀ lé lórí.

Igbá kìn-ín-ní: ìjọba gbà á, ìjọba ná an

Èyí ló wà nílẹ̀ báyìí. Àwọn tó ṣètò òfin náà ṣàlàyé pé ìdá márùn-ún yẹn kì í ṣe tuntun, pé ó ti wà nínú òfin FERMA, àjọ tó ń bójú tó ọ̀nà ìjọba àpapọ̀, láti 2007 fún títún ọ̀nà ṣe. Wọ́n yọ kẹrosíìnì ilé, gáàsì ìdáná àti CNG (gáàsì tí ọkọ̀ ń lò) kúrò nínú rẹ̀, mo sì kí wọn fún ìyẹn. South Africa náà, tó kọ́kọ́ gbé owó orí kábọ́ọ̀nù kalẹ̀ ní Áfíríkà, lọ́jọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹfà 2019, ní rándì 120 lórí tọ́ọ̀nù kan, àpò ìjọba ló ń kó tirẹ̀ sí.

Ọ̀nà ò burú. Ẹni tó ti gba Adó lọ sí Àkúrẹ́ nígbà òjò ò ní bá mi jiyàn. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi ṣírò kiní kan. Bí lítà epo bá jẹ́ ₦1,000, ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ jẹ́ ₦50. Ó ju ìlọ́po méjì ₦23 tí mo fi ṣàpẹẹrẹ lọ, kọ́bọ̀ kan ò sì ní padà sọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Bí epo bá tún gbówó lórí nítorí dọ́là, owó orí náà á gùn tẹ̀ lé e, bẹ́ẹ̀ kábọ́ọ̀nù inú lítà ò fi ẹyọ gíráàmù kan pọ̀ sí i. Iye owó epo ni wọ́n ń bu owó orí lé níbẹ̀, wọn ò wọn èéfín rárá.

Igbá kejì: wọ́n gbà á níbí, wọ́n dín in kù lọ́hùn-ún

Ìpínlẹ̀ British Columbia ní Kánádà ṣe é ní oṣù keje 2008. Dọ́là mẹ́wàá owó wọn ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ lórí tọ́ọ̀nù, wọ́n sì dín owó orí tí wọ́n ń yọ nínú owó oṣù àti èrè iléeṣẹ́ kù. Àwọn onímọ̀ ọrọ̀-ajé fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Àmọ́ owó oṣù ta ni wọ́n ń yọ owó orí nínú rẹ̀ l'Ékìtì? Tíṣà, nọ́ọ̀sì, òṣìṣẹ́ ìjọba. Àgbẹ̀ oníṣu ní Ìlúpéjú ò ní ìwé owó orí kankan tí wọ́n fẹ́ bá a dín kù. Ẹ jẹ́ ká fo igbá yìí.

Igbá kẹta: ìrẹsì, bọ́ọ̀sì, sólà

Lọ́jọ́ 29 oṣù karùn-ún 2023 ni wọ́n kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ. Kí oṣù keje tó parí, epo tí à ń rà tẹ́lẹ̀ ní nǹkan bíi ₦190 ti di ₦617. Oṣù kẹjọ ni ìjọba àpapọ̀ tó ya bílíọ̀nù márùn-ún náírà sọ́tọ̀ fún ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan láti fi ra oúnjẹ bí ìrẹsì àti àgbàdo, apá kan rẹ̀ sì jẹ́ gbèsè tí ìpínlẹ̀ máa san. Ẹ wo bó ṣe tò tẹ̀ léra: ìnira ló ṣáájú, ìrẹsì ló tẹ̀ lé e. Ìrẹsì ọ̀hún sì gbọ́dọ̀ gba ọwọ́ tó pọ̀ kó tó dé inú ìkòkò ẹnì kan.

Bọ́ọ̀sì CNG àti iná oòrùn sàn ju ìrẹsì lọ fíìfíì, torí wọ́n ń dín epo tí à ń jó kù. Bí wọ́n bá fún ìyá aláta ní ẹ̀rọ tó ń lo oòrùn, èmi ni màá bá a gbé e wọ ṣọ́ọ̀bù. Ẹni tí kò kàn ni mò ń rò. Ẹ̀rọ kan ṣoṣo ò ṣeé gé sí wẹ́wẹ́ fún àdúgbò. Owó ṣeé pín.

Igbá kẹrin: ká pín in lórí-orí

Ibí ni mo dúró sí, ibí náà sì ni ìdáhùn ìyá wà. Ẹ jẹ́ kí n fi àjọ ṣàlàyé. Nínú àjọ tí a mọ̀, iye tí o bá dá lo máa kó, alájọ á sì yọ tirẹ̀. Bó bá jẹ́ irú àjọ yẹn ni, òótọ́ pọ́nńbélé ni ìyá sọ: ẹ gbà á, ẹ dá a padà, ẹ ò ṣe nǹkan kan. Ti èyí yàtọ̀. Bí o bá ṣe jó epo tó ni wàá ṣe dá a tó, àmọ́ iye kan náà ni orí kọ̀ọ̀kan máa kó. Olóòtẹ́ẹ̀lì tó ń jó dísẹ́ẹ̀lì tọ̀sán-tòru ń dá ju ìyá lọ ní ìlọ́po ogún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, síbẹ̀ bí wọ́n bá ń kó o, orí kan ni orí kan.

Bí ìyá bá wá rí ọgbọ́n ta sí epo tirẹ̀, ìpín rẹ̀ ò dín. Ohun tó ṣẹ́ kù níbẹ̀ á di tirẹ̀. Ìyẹn ni ìrànwọ́ orí epo àtijọ́ ò lè ṣe: ẹni tó ní mọ́tò mẹ́rin ló ń jẹ ẹ́ jù, ìyá àgbà tó ń fi igi dáná kì í rí nǹkan kan nínú rẹ̀, bó sì ṣe ń jó epo tó ni ìrànwọ́ ṣe ń pọ̀ fún olówó.

(Ẹ rántí alájọ Ṣómólú, tó ta mọ́tò tó fi ra kẹ̀kẹ́? Gbogbo wa la ń fi òwe yẹn bú ara wa. Àmọ́ kẹ̀kẹ́ ló lè wọ kọ̀rọ̀ tí àwọn oníbàárà rẹ̀ wà. Bí owó èéfín bá wà nígbà náà, ìpín rẹ̀ ì bá pé, epo tí kò rà ì bá sì di èrè.)

Ó yá, ká kó nọ́ńbà sílẹ̀. Bí ₦10,000 bá wà lórí tọ́ọ̀nù, tí ìdajì tọ́ọ̀nù sì kan ẹnì kọ̀ọ̀kan, ₦5,000 ló máa kan orí kọ̀ọ̀kan lọ́dún, tọmọdé tàgbà, bí wọ́n bá gbà á pé tí wọ́n sì pín in pé. Àwọn ilé inú àtẹ yìí, èmi ni mo dá wọn sílẹ̀ fún ìṣirò:

| Ta ni | Ohun tó ń jó lọ́dún | Owó èéfín | Ìpín ilé rẹ̀ |
|---|---|---|---|
| Ìyá àgbà tó ń dá gbé, igi ló fi ń dáná | lítà 36, nínú ọkọ̀ tó ń wọ̀ | ₦828 | ₦5,000 |
| Tíṣà ní Ìkéré, èèyàn márùn-ún | lítà 380 fún jẹnẹrétọ̀ àti ọ̀kadà, sílíńdà gáàsì oníkílò 12.5 méjìlá | ₦13,240 | ₦25,000 |
| Ìyá aláta, èèyàn mẹ́fà | lítà 936 (mẹ́ta lójúmọ́, ọjọ́ 26 lóṣù) | ₦21,528 | ₦30,000 |
| Olóòtẹ́ẹ̀lì, èèyàn márùn-ún | dísẹ́ẹ̀lì lítà 18,250 (àádọ́ta lójúmọ́) | ₦492,750 | ₦25,000 |

Mo tilẹ̀ ka gáàsì tíṣà mọ́ ọn, kí ẹnikẹ́ni má bàa ní mo fi nǹkan pamọ́. Èmi ìbá yọ ọ́, bí òfin 2025 ṣe yọ ọ́, kí àwọn èèyàn má bàa padà sídìí igi. Ẹ tún mọ̀ pé epo nìkan ni àtẹ yìí kà. Sìmẹ́ǹtì á gbówó lórí díẹ̀, ọkọ̀ tó ń kó tòmátò wá láti òkè ọya á fowó díẹ̀ kún un, olóòtẹ́ẹ̀lì á sì ti apá kan owó rẹ̀ sọ́rùn àlejò. Èrè tíṣà àti ti ìyá máa kéré sí bó ṣe hàn yìí. Ti ìyá àgbà onígi ni ọkàn mi balẹ̀ lé jù.

Ẹ̀yin náà sì rí i pé ₦5,000 lọ́dún ò lè kọ́lé. Bí olóṣèlú kan bá dé Ọjà Ọba tó ní owó èéfín máa sọ yín di ọlọ́rọ̀, ẹ bi í pé kí ló ń mu.

Ibi tí igbá kẹrin ti máa ń fọ́

Mo nífẹ̀ẹ́ igbá yìí, ìyẹn ló jẹ́ kí n wá ibi tó ti là.

Kánádà bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní 2019 ní dọ́là 20 lórí tọ́ọ̀nù, ó gun títí dé 80 ní 2024. Bí ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá owó tó wá láti orí epo ni wọ́n ń dá padà fáwọn ará ilé, wọ́n sì ń fi ẹ̀kún kún ti àwọn ará abúlé, torí ẹni tó jìnnà sílùú ń jó epo ju ará ìlú lọ. Ọ́fíìsì tó ń yẹ ìṣúná wò fún ilé aṣòfin wọn rí i pé ohun tí ọ̀pọ̀ ìdílé ń gbà ju ohun tí wọ́n ń san tààrà lọ. Síbẹ̀, lọ́jọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹrin 2025, wọ́n pa owó orí náà rẹ́ lórí epo tí ará ìlú ń rà. Èwo ló dé? Ojoojúmọ́ ni èèyàn ń rí owó orí nílé epo. Ìpín tí ń padà, inú ìwé owó orí ọdọọdún ni wọ́n kọ́kọ́ fi í sí. Nígbà tí wọ́n wá ń san án ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta, orúkọ tó fi ń wọ báńkì ò sọ ohun tó jẹ́ fún ọ̀pọ̀ èèyàn. Ẹni tí wọ́n fún lówó ò mọ̀ pé wọ́n fún òun. Ó ń dùn mí bí mo bá rò ó.

Ìránì ò gba owó orí èéfín, ìrànwọ́ orí epo ni wọ́n gé ní oṣù Kejìlá 2010, àmọ́ wọ́n mọ ètò tò jù wá lọ: owó ti wà ní báńkì kí iye epo tó lọ sókè. Ríàlì 455,000 lóṣù fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó yá, gbogbo ọjà gbówó lórí, ìpín náà dúró sójú kan fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó sì di owó tí kò ra nǹkan. Àwa tí a mọ bí náírà ṣe ń ṣe, ẹ̀kọ́ tiwa nìyẹn: bí owó orí bá ń gùn, kí ìpín máa gùn pẹ̀lú rẹ̀, kí òfin kan náà so wọ́n pọ̀.

Ti Faransé ní 2018, ẹ ti rí i lórí tẹlifíṣọ̀n, àwọn ará abúlé tó wọ ẹ̀wù yẹ́lò dí ojú ọ̀nà. Wọ́n fi owó kún epo, wọn ò sì na ìpín kankan sí ẹni tí kò ní ọ̀nà mìíràn ju mọ́tò lọ. Ẹni tó ń gbé ní Ọ̀mùò tó ń wá sí ọsibítù l'Adó máa yé wọn.

Àpẹẹrẹ tó sún mọ́ wa jù wà nílé níbí. Ní 2011, nígbà ìjọba Kayode Fayemi, Èkìtì bẹ̀rẹ̀ sí í san ₦5,000 lóṣooṣù fún àwọn àgbà tó ti lé ní ọdún 65. Ó ṣeé ṣe nígbà yẹn. Wọ́n ka àwọn àgbà, wọ́n mọ ilé wọn, owó dé ọwọ́ wọn. Nígbà tí ìjọba yí padà ní 2014, owó náà dáwọ́ dúró. Ẹ fi ti Alaska, ìpínlẹ̀ kan ní Amẹ́ríkà, wé e: láti 1982 ni wọ́n ti ń pín lára èrè owó epo rọ̀bì wọn fún olùgbé kọ̀ọ̀kan lọ́dọọdún, tọmọdé tàgbà, gómìnà ń wá, gómìnà ń lọ. Òṣèlú ti bu iye rẹ̀ kù rí, àmọ́ kò tíì sẹ́ni tó láyà láti pa á rẹ́, torí ẹni gbogbo ló ń gbà á. Ti àwọn àgbà nìkan rọrùn láti dá dúró ju ti gbogbo ilé lọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń tako àwọn tó ní kí a pín in fún "aláìní" nìkan. Ta ló máa kọ orúkọ aláìní? A ti rí irú ìwé bẹ́ẹ̀ rí.

Nípa bó ṣe máa dé ọwọ́, NIN àti nọ́ńbà báńkì lè ṣe é, bí ẹ bá yọ ti àwọn àgbà tí oko ti pa ìlà ìka wọn rẹ́, tí ẹ̀rọ NIN ò rí nǹkan mú. Kí wọ́n jẹ́ kí ọmọ tàbí ìyàwó ilé gbà á fún wọn. Kí wọ́n san án lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, má ṣe é lóṣooṣù, torí ₦400 lóṣù, oní-POS ló máa jẹ ẹ́ tán. Èmi ìbá ní kí ti àkọ́kọ́ bọ́ sí oṣù kẹsàn-án, tí àwọn òbí ń wá owó ilé-ìwé.

Èwo ni kí o wá mú?

Bí o bá jẹ́ oníṣẹ́ owó oṣù tí kò ní jẹnẹrétọ̀, igbá kejì lè dùn mọ́ ọ ju ti èmi lọ. Má purọ́ fún ara rẹ. Bí o bá ní ọkọ̀ akẹ́rù mẹ́ta lójú ọ̀nà Ìkọ̀lé, ìkìn-ín-ní ni wàá fẹ́, pàápàá bí wọ́n bá fi tún ọ̀nà ọ̀hún ṣe lóòótọ́. Bí o bá lè rí sólà gbà nínú igbá kẹta, gbà á lọ́wọ́ kan, kí o fi ọwọ́ kejì béèrè ìpín rẹ. Ẹni yòókù, tí mo gbà pé òun ló pọ̀ jù láàárín wa, igbá kẹrin ni tirẹ̀, bí nǹkan mẹ́ta bá wà nínú òfin: kí ìpín àkọ́kọ́ wọlé kí iye epo tó gùn; kí ìpín máa gùn bí owó orí bá ń gùn; kí ó ní orúkọ tí ìyá wa lè pè.

Ilé ìgbìmọ̀ Èkìtì ò lágbára lórí epo. Abuja ni ọ̀rọ̀ wà. Aṣòfin àgbà mẹ́ta àti aṣojú-ṣòfin mẹ́fà la ní níbẹ̀, wọ́n sì máa ń wá sílé fún ọdún àti ìsìnkú. Ìgbà tí wọ́n bá jókòó ti iyán ni kí ẹ bi wọ́n léèrè nípa ìdá márùn-ún.

Mo padà sọ́dọ̀ ìyá lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Mo fi ìṣirò náà hàn án lẹ́yìn ìwé rìsíìtì kan: ₦21,528 jáde, ₦30,000 wọlé, ₦8,472 ló kù, bí àwọn ọjà yòókù ò bá jẹ nínú rẹ̀. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó tún fi ìka ka orí àwọn ará ilé rẹ̀.

"Ó dáa," ló wí, ó na ọwọ́ sí okùn ẹ̀rọ. "Kí wọ́n kọ́kọ́ san tiwa ná. Bó bá ti wọlé, kí wọ́n máa gba tiwọn."

Ó fa okùn, ẹ̀rọ sì bú gbàù.